Tírọ́ọ̀kù tí mo háyà fi kó ẹrù ní Houston, àti ohun tójú mi rí lẹ́yìn àsídẹ́ǹtì

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti ọkọ̀ fúnra ẹ̀ torí ó dáa, méjì jẹ́ ti obìnrin tó gbé fóònù lọ́jọ́ tí mo wà lẹ́bàá títì tí gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Méjì tí mo yọ, àwọn tó ń bójú tó owó ìjàǹbá ló jẹ́ kí n yọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kan ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ háyà ọkọ̀ ìkẹ́rù ní Amẹ́ríkà níbí, ọwọ́ ẹni yòówù kó ti háyà ẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án la fi gbé ní Alief, àdúgbò kan ní Houston níbí, ká tó rí ilé rà ní apá Richmond, ìlú kan tí kò jìnnà sí Houston. Ọkọ mi wà lórí omi níbi iṣẹ́ epo, ọjọ́ tá a gbọ́dọ̀ kó jáde sì ti pé, lèmi àti àbúrò ẹ̀ tí mò ń pè ní Akọ́wé (mo bá a nílé ni, mi ò lè pe orúkọ ẹ̀) bá jọ lọ mú tírọ́ọ̀kù ẹsẹ̀ bàtà 20. $40 lójúmọ́ ni wọ́n kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má gba iye yẹn gbọ́, máìlì kọ̀ọ̀kan lówó tiẹ̀, epo lówó tiẹ̀, nígbà tí wọ́n fi máa ṣírò ẹ̀ tán ó ti lé ní $130.

Ọmọkùnrin tó dá wa lóhùn ní kọ́ńtà mọ èèyàn-án kí, ó sì yára, àmọ́ ìyára yẹn gan-an ni wàhálà. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà kékeré kan sí mi, ó ní kí n fọwọ́ tẹ èyí tí mo bá fẹ́ nínú méjì, ọ̀kan $24, ìkejì $43. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń pòṣé. Mo tẹ $24. Mo ní mo ṣáà ní ìnṣọ́ráǹsì ọkọ̀ tèmi tí mò ń san lóṣooṣù láti ọdún 2015, kí ni mo tún fẹ́ fi èyí tó wọ́n ṣe.

Ibẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. $24 yẹn, tírọ́ọ̀kù tiwọn ló ń bò, pẹ̀lú ẹrù wa, àti owó ìtọ́jú dírẹ́bà àti ẹni tó bá jókòó tì í. Kò kan ọkọ̀ ẹlòmíì tá a bá kọlù rárá. $43 ló ní tẹlòmíì nínú. Ìnṣọ́ráǹsì tèmi tí mo gbọ́kàn lé, ọjọ́ kejì àsídẹ́ǹtì tí mo pè wọ́n ni wọ́n wá sọ fún mi pé ọkọ̀ tó bá ti wúwo ju 10,000 páùn lọ ò sí nínú àdéhùn wa. Èmi tí mo ti ń sanwó láìjẹ́ oṣù kan! Àwọn kan á ní káàdì báǹkì àwọn máa ń bo ọkọ̀ táwọn bá háyà, òótọ́ ni, ọkọ̀ kéékèèké ló ń bò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tírọ́ọ̀kù ìkẹ́rù sétí. Ẹ wá fi ti òfin kún un. Láti ọdún 2005 ni òfin ìjọba àpapọ̀ kan ti wà tí wọ́n ń pè ní Graves Amendment, ó ní tí ẹni tó háyà ọkọ̀ bá fi ṣe ìjàǹbá, wọn ò lè torí pé iléeṣẹ́ ló ni ọkọ̀ náà kí wọ́n wá mú iléeṣẹ́ náà, àfi tí iléeṣẹ́ bá ní ẹ̀bi tiẹ̀, bíi kó gbé ọkọ̀ tí bíréèkì ẹ̀ ò dáa fún èèyàn. Torí náà, ẹni tó di sítíárì mú ni gbèsè máa wá bá.

Ohun tí mo ṣe dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni fídíò. Bàbá mi wa lọ́rì láyé ìgbà kan, Bedford ni, kò sì sí ọjọ́ tí wọn ò ní yí i po kí wọ́n tó gun orí ẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ gbá táyà, wọ́n á bẹ abẹ́ ẹ̀ wò, wọ́n á wo òkè. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, mo yí tírọ́ọ̀kù yẹn po, mo ń sọ ohun tí mò ń rí sókè, ibí ti ha, ibí ti jìn. Akọ́wé gun orí bọ́ḿpà ẹ̀yìn, ó na fóònù sókè kó lè rí igun òrùlé kan lápá ọ̀tún tó ti tẹ̀ wọlé bíi páànù tí wọ́n fi òkúta lù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ fi igun òrùlé yẹn sọ́kàn.

Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ kékeré lásán ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ tí ìwọ̀n ẹ̀ ò bá tíì dé 26,001 páùn, wọn ò ní béèrè láísẹ́ǹsì àwọn oní-tírélà. Nílé, ọ̀pọ̀ ọdún lọmọ fi ń ṣe mọ́tò-bọ́ì kó tó dé ìdí sítíárì, níbí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti nà kọ́kọ́rọ́ sí mi. Akọ́wé fẹ́ wà á. Orúkọ ẹ̀ ò sí nínú àgírímẹ́ǹtì, mo ní rárá, ó bínú, ó ní ṣé mi ò fọkàn tán òun ni. Mo bẹ̀ ẹ́, àmọ́ mi ò gbé e fún un. Tí ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀ bá wa ọkọ̀ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, gbogbo ààbò tẹ́ ẹ ti sanwó ẹ̀ lè di òfo lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí títì Bissonnet ti pàdé fídà Beltway 8, ìyẹn ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ yẹn, ni ó ti ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Ọkọ̀ gígùn ò lè yà bíi Corolla, mo kọ́kọ́ gba òsì díẹ̀ kí ìdí ẹ̀ lè rí àyè kọjá ní igun, mo sì ti tan tíráfíkétọ̀ tipẹ́. Àlàfo tí mo fi sílẹ̀ lọ́tùn-ún yẹn ni Camry kan já wọ̀. Mi ò rí i, ibi tó wà yẹn díńgí ò gbé e. Ohun tí mo gbọ́ ni ìró bí ìgbà téèyàn ń wọ́ agolo lórí kọnkéré, mo tẹ bíréèkì, gbogbo ẹrù tó wà lẹ́yìn sì rọ́ wá síwájú lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo bọ́ sílẹ̀. Bàbá kan ló wà nínú Camry, wọ́n á tó ọmọ àádọ́rin ọdún, Spanish ni wọ́n ń sọ, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lórí sítíárì. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọ Yorùbá rí àgbàlagbà tó ń gbọ̀n, kí ló máa jáde lẹ́nu ẹ̀? Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, sorry sir, sorry, sorry, á tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Tiwa, ẹni tó bá kọsẹ̀ níwájú wa là ń sọ pẹ̀lẹ́ fún, ẹni tí òjò pa là ń sọ ọ́ fún, kì í ṣe àwa la rọ òjò. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ ni mo wá rí i nínú lẹ́tà ìnṣọ́ráǹsì bàbá yẹn pé awakọ̀ tírọ́ọ̀kù gbà lójú ẹsẹ̀ pé òun lòun jẹ̀bi. Ó dùn mí wọra. Wọ́n fi ìwà ọmọlúàbí mi dá mi lẹ́bi. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má ṣe èèyàn o, ẹ béèrè bóyá nǹkan ṣe wọ́n, ẹ fún wọn lómi, ẹ dúró tì wọ́n tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n, èmi náà ṣe gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ sorry yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ gbé mì títí ẹ fi máa délé.

Akọ́wé rí bí mo ṣe ń gbọ̀n, ó wá sọ́dọ̀ mi, ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ n sọ pé èmi ni mo wà á, ẹ lọ jókòó.” Inú rere ló fi sọ ọ́. Mo ní, “Akọ́wé, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.” Irọ́ níwájú ọlọ́pàá nìyẹn, orúkọ ẹ̀ ò sì sí nínú ìwé, ẹ̀bi méjì ni ì bá di.

Mo tan iná hazard, mo ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì bí wọ́n ṣe wà ká tó sún wọn, táyà iwájú mi tó ti yí, ìlà ojú títì, iná tráfíìkì, iná tíráfíkétọ̀ mi tó ṣì ń ṣẹ́jú. Fọ́tò tíráfíkétọ̀ yẹn wúlò ju gbogbo ìyókù lọ. Lẹ́yìn náà la wọ inú ilé epo kan torí ọkọ̀ méjèèjì ṣì lè rìn (tó bá jẹ́ lórí ọ̀nà márosẹ̀ inú ìlú ńlá ní Texas, òfin tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ kúrò lójú ọ̀nà kíákíá ni tí ọkọ̀ bá ṣì lè rìn). Mo pe 911. Tí ẹnì kan bá fara pa tàbí tí ohun tó bàjẹ́ bá tó $1,000, ọlọ́pàá tó bá yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń pè ní CR-3, ó ní ọjọ́ mẹ́wàá láti fi ránṣẹ́, $6 lẹ máa fi ra ẹ̀dà tiyín lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ TxDOT, iléeṣẹ́ ìjọba Texas tó ń bójú tó ojú ọ̀nà. Ẹ rà á. Ẹ má dúró de ẹni tó máa fún yín.

Kí ọlọ́pàá tó dé ni àwọn tó ń fa ọkọ̀ ti dé, méjì, mi ò pè wọ́n, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti gbọ́, ọ̀kan ti mú ìwé dání pé kí n fọwọ́ sí i. Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi, ẹni tó ni ọkọ̀ ló máa sọ ẹni tó máa fà á.

Ọlọ́pàá dé, kó tó wo Camry rárá, ẹ̀yìn tírọ́ọ̀kù wa ló kọ́kọ́ lọ. Nǹkan pupa ń kán lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀, ó ń ṣàn gba orí bọ́ḿpà, ó ti dá adágún kékeré sílẹ̀. Ó bojú wò mí, ó bi mí bóyá èèyàn wà nínú ibẹ̀. Àyà mi já. Mo ní rárá sà, epo pupa ni, kẹ́ẹ̀gì méjì tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Ìkìrun. A ká ilẹ̀kùn sókè. Firísà ti já okùn tá a fi dè é, ó ti fi etí gún kẹ́ẹ̀gì kan, fóòmù wa ti mu epo títí ó fi dà bíi pé wọ́n fi osùn kùn ún. Àpótí aṣọ òkè ìgbéyàwó mi wà lórí àga lókè, kò kàn án, mo dúpẹ́. Ọlọ́pàá náà fọwọ́ kan epo yẹn, ó gbóòórùn ẹ̀, ara ẹ̀ wálẹ̀, tèmi náà wálẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kejì, orúkọ, láísẹ́ǹsì, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì àti nọ́ńbà tó wà lórí káàdì ẹ̀. Ní tiyín, ẹ jẹ́ kó ya fọ́tò àgírímẹ́ǹtì àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn tírọ́ọ̀kù, torí nọ́ńbà ìpínlẹ̀ míì ló wà lára tiwa, ìyẹn sì da ọ̀rọ̀ rú fún ìnṣọ́ráǹsì bàbá yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ó wá kan obìnrin tí mo fún ní ìràwọ̀ méjì. Nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fi ń dí oòrùn níwájú dírẹ́bà ni mo pè. Ohùn ẹ̀ balẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ẹ̀ ni bóyá ara wa le, kò bi mí ní ti ọkọ̀ àfi ìgbà tí mo dáhùn ìyẹn tán. Ó ní kí n má wa tírọ́ọ̀kù náà mọ́ bó tiẹ̀ ń rìn, torí irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti sún mọ́ táyà ẹ̀yìn, ó fún mi ní nọ́ńbà ẹjọ́, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n kà á padà fún òun. Wákàtí méjì àti ààbọ̀, tírọ́ọ̀kù míì dé. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà yẹn kó tó dé. Akọ́wé pe ọmọkùnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì, a sì kó ẹrù láti inú ọ̀kan sínú èkejì nínú oòrùn Houston, a dé Richmond ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, gbogbo wa rùn fún epo.

Ọjọ́ kejì, Akọ́wé ò lè yí ọrùn. Lọ́jọ́ àsídẹ́ǹtì ó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun o. Ẹ má gbà fún ọkùnrin tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kì í ṣe torí owó nìkan, ọrùn lọ̀rọ̀ wà yìí. $24 yẹn san owó ìtọ́jú ẹ̀, wọn ò bá wa jiyàn lórí ìyẹn, mo gbóríyìn fún wọn.

Ìyókù ni mi ò lè gbóríyìn fún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ímeèlì dé láti ẹ̀ka tó ń rí sí ìjàǹbá, wọ́n ní kí n san $1,870 fún òrùlé. Ẹ gbọ́ ohun tó fà á. Ààbò tí wọ́n ń tà fún tírọ́ọ̀kù, ó sábà máa ń yọ ohun tó bá ṣe òkè ọkọ̀ sílẹ̀, torí àwọn tó ń háyà máa ń gbàgbé bí ọkọ̀ ṣe ga tó, wọ́n á fi òrùlé gbá afárá. Ní Boston, lọ́dọọdún, tó bá ti di ọjọ́ kìíní oṣù September tí àwọn ọmọ yunifásítì ń kó wọlé, wọ́n máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí tírọ́ọ̀kù má gba Storrow Drive, ọ̀nà kan tí àwọn afárá orí ẹ̀ ò ga. Ní Durham, North Carolina, afárá ojú irin kan wà tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 11 àti ínǹṣì 8, ó ti bó òrùlé ọ̀pọ̀ tírọ́ọ̀kù, wọ́n gbé e sókè sí ẹsẹ̀ bàtà 12 àti ínǹṣì 4 lọ́dún 2019, wọ́n ṣì ń gbá a. Níbí náà, afárá Houston Avenue tó wà lórí márosẹ̀ I-10, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù fi gbá a. Torí náà òfin wọn ní ìdí, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Àmọ́ Camry ha ẹ̀gbẹ́ wa nísàlẹ̀, báwo ló ṣe gun òkè?

Mo fi fídíò ránṣẹ́. Aago 7:52 àárọ̀ hàn lórí ẹ̀, ọwọ́ Akọ́wé na fóònù, igun òrùlé tó tẹ̀ wọlé nìyẹn gedegbe, nínú ọgbà tiwọn. Ẹ ṣì mọ̀ pé wọ́n tún kọ lẹ́tà méjì míì kí wọ́n tó fagi lé e? Lẹ́tà kejì tiẹ̀ sọ pé àwọn á fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba gbèsè. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Ká ní mi ò ya fídíò yẹn, mo ti san $1,870 fún òrùlé tí ẹlòmíì bàjẹ́.

Ti Camry ló gùn jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà nínú irú ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àgírímẹ́ǹtì tèmi, ní ojú ìwé kẹrin, lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ pé tí ìnṣọ́ráǹsì tẹni tó háyà bá kọ̀ láti san, iléeṣẹ́ náà á san dé ìwọ̀n tó kéré jù tí òfin ìpínlẹ̀ fẹ́. Ní Texas, ìyẹn $30,000 fún ẹnì kan tó fara pa, $60,000 fún gbogbo wọn pọ̀, $25,000 fún ohun ìní. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, odidi oṣù kan ni wọ́n ń dá mi padà sọ́dọ̀ ìnṣọ́ráǹsì mi, ìnṣọ́ráǹsì mi ń dá mi padà sọ́dọ̀ wọn. Ohun tó já okùn yẹn ni lẹ́tà. Ẹ ní kí ìnṣọ́ráǹsì tiyín kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ò ní san, kí wọ́n sọ ìdí ẹ̀, kí ọjọ́ wà lórí ẹ̀. Wọn ò ní fẹ́ kọ ọ́, wọ́n á ní àwọn ti sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ ní ẹ fẹ́ ẹ nínú ìwé. Ọjọ́ tí mo fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ ni fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Wọ́n pín ẹ̀bi, wọ́n fún mi ní ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, bàbá yẹn ogójì, fọ́tò tíráfíkétọ̀ ló jẹ́ kí wọ́n ní ogójì. Àtúnṣe Camry jẹ́ $6,340, wọ́n san $3,804 nínú ẹ̀. Nítorí òfin Texas, ẹni tí ẹ̀bi ẹ̀ bá ti lé ní ìdajì ò lè gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì, fóòmù àti firísà wa nìyẹn. Ààbò ẹrù inú $24 náà kọ̀, wọ́n ní ẹrù tó bá sún fúnra ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹ so ẹrù yín dáadáa. Okùn kan ò tó firísà.

Lọ́yà o, wọ́n pè mí títí ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tí mi ò mọ̀ rí, wọ́n mọ orúkọ mi, wọ́n mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ní Texas kí lọ́yà máa wá oníbàárà kiri báyẹn, mo kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, mi ò dá ìkankan lóhùn. Tí ẹ bá nílò lọ́yà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ wá a, ọdún méjì lẹ ní láti pẹjọ́ tẹ́ ẹ bá fara pa.

Oṣù tó ń bọ̀, àbúrò mi obìnrin fẹ́ kó lọ sí Dallas, ó sì ní kí n bá òun wa tírọ́ọ̀kù. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ yìí náà la tún máa lọ, torí ọkọ̀ wọn dáa, mo sì ti mọ nọ́ńbà obìnrin yẹn. Orúkọ àwa méjèèjì ló máa wà nínú àgírímẹ́ǹtì, $43 la máa tẹ̀, Akọ́wé sì ti ní òun máa tẹ̀ lé wa, òun lòun á máa bọ́ sílẹ̀ ní gbogbo igun láti wo ẹ̀yìn.